Kan, Ká, Kán: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Eyín

Láti Ìkìrun dé Ìníṣà, títí dé Òkukù, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò bí eyín bá ti ń dà wọ́n láàmú. "Nọ́ọ̀sì, kòkòrò ń jẹ mí léyín." "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ yanu kí n wò ó." Eyín tó dúdú, kòkòrò ni. Eyín tó ń mì, kòkòrò ni. Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà ni. N kò bá kòkòrò ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí a kó sí i lọ́rùn ti pọ̀jù. Òkukù kúkú ni Karin Barber, onímọ̀ nípa àṣà, ti kọ́ oríkì débi pé ó fi kọ odindi ìwé tó jáde ní 1991. Ìlú tó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣàlàyé gbogbo àìsàn ẹnu.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: kan, ká, kán. Létí ẹni tí kò fara balẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohùn ló ya kan àti kán. Ká ní tirẹ̀ kò gba imú kọjá rárá. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa eyín sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú kan. Bí èèyàn bá jókòó ti àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, tó jẹ ẹ́ ní àjẹjù, eyín rẹ̀ yóò kan. Bó bá ju ẹ̀pà sẹ́nu lẹ́yìn náà, kò ní í lè rún un dáadáa. Èso kan, eyín tó jẹ ẹ́ náà kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn baba wa lò fún ohun tó ṣe é àti ohun tí a ṣe sí. Nínú ìwé kíkọ, ẹ ṣọ́ra: "eyín mi kan" lè túmọ̀ sí ọ̀kan nínú eyín mi. Ẹ fi "ti" sí i, "eyín mi ti kan", ọ̀rọ̀ á sì là.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí eyín bá kan ni gbòǹgbò ọ̀ràn eyín. Awọ funfun líle tó bo eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Bí a bá wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ṣù pọ̀ bí òkúta. Ohun kíkan máa ń yọ́ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lẹ́nu, ṣúgà ni oúnjẹ tirẹ̀: mínírà, bisikíìtì, gààrí tí a da ṣúgà sí. Ohun tó ń yà jáde lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán máa ń kan, ìyẹn gan-an ló sì ń dá ihò sí eyín. Nítorí náà kòkòrò kò jẹ eyín rí. Ṣúgà tí a fi sílẹ̀ fún un ló ń jẹ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yé sọ pé "kòkòrò ń jẹ mí léyín", àkànlò èdè ni, ẹ jẹ́ kó dúró. Àwọn tó bá fi ọwọ́ gidi mú un, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi èéfín lé kòkòrò jáde, ni mo ń bá wí.

Itọ́ ló ń tún ohun tí kíkan bàjẹ́ ṣe. Ó ń gbé kálísíọ́mù padà sára eyín, fúlóráìdì inú mákílíìnì sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí eyín bá ti kan, ẹ fi omi yọnu, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ ọ́. Ẹni tó bá fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ha á lójú ẹsẹ̀, ó sún mọ́ fífọ́ eyín ju fífọ eyín lọ. Ẹ wo àmì ohùn yẹn dáadáa.

Ti orín náà ń bẹ. A kì í jẹ orín, a máa ń run ún ni. Orín ata tí wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì lọ́jà Ìkìrun ń ta ahọ́n, ó sì ń fọ ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ iṣẹ́ ìfọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í bọ́ eyín.

Kí ló wá ń bọ́ ọ? Níbí ni èdè ti ń dojú rú. Lórí rédíò, "aṣaralóore" ni wọ́n ń pe gbogbo ohun rere inú oúnjẹ, ìyẹn kò burú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya kálísíọ́mù àti irú rẹ̀ sọ́tọ̀ sí fítámì, wọn a ní "ohun àlùmọ́ọ́nì". Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Ìníṣà yóò ronú kan wúrà Iléṣà àti epo rọ̀bì. Síbẹ̀ n kò ní í bá wọn jà, nítorí kálísíọ́mù tó wà nínú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì náà ló wà lára eyín. Bí mo bá ń kọ ọ́, màá dárúkọ nǹkan náà gan-an: kálísíọ́mù inú wàrà, inú yànmọ̀tí, inú ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun. Fítámì D ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún kálísíọ́mù yìí. Oòrùn ń fún wa, ẹja àti ẹyin náà ní in. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ "ẹyin dára fún eyín" láìfi àmì sí i, kí ẹ wo ohun tí òǹkàwé yóò kà.

Ká ló kàn. A ń ká ọsàn lórí igi. Eyín náà ń ká, ẹni tí tirẹ̀ sì ti ká tán la ń pè ní akáyín. Eyín tó ká lè má ní ihò kankan. Ibi tó dúró sí ni kò gbà á mọ́, ìyẹn erìgì àti egungun abẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ òkun tí kò rí ewébẹ̀ jẹ fún oṣù mélòó kan máa ń ní erìgì wíwú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn a sì máa ká. Ní 1747, James Lind, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan, fún àwọn aláìsàn méjì ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, ara wọn sì yá kíákíá ju ti àwọn tó fún ní nǹkan mìíràn lọ. Fítámì C ni wọ́n ṣaláìní. Ó wà nínú ọsàn, gúáfà, ata, ẹ̀fọ́ tí a kò bọ̀ ní àbọ̀jù, àti, ẹ dákun ẹ má rẹ́rìn-ín, nínú àgbálùmọ̀. Èso tó ń mú eyín kan náà ló ń bá wa dá erìgì dúró kí eyín má baà ká. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìdọ̀tí tó gan mọ́ ìdí eyín ló ń mú erìgì ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí èyí bá ń ṣe ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó wá dókítà eyín lọ. Ilé ìwòsàn eyín ti OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí n tó dé orí kán, ẹ jẹ́ ká yanjú yọ. "Ọmọ ń yọ eyín", "dókítà yọ eyín": ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde. Fún ti ọmọ, mo fẹ́ràn "hu". Eyín tí ọmọ máa hu ní bí oṣù mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le láti bí oṣù kẹrin oyún, nítorí náà oúnjẹ aláboyún ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ ká máa sọ pé eyín ló dá ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru sí ọmọ lára. Ní ìparí 2008, oògùn "My Pikin" tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní májèlé nínú. Ọmọ 84 ló bá a lọ.

Kán ló kù. Egungun kán, a tò ó, ó so pọ̀. Eyín kán, kò sí àtò, nítorí awọ líle yẹn kì í hù padà, bó ti wù kí a jẹ wàrà tó. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tàbí ìṣubú ló mú odindi eyín àgbà fò jáde, kì í ṣe pé ó kán, ó yọ ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, nítorí èyí tó yọ ṣeé dá padà. Orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi sínú mílíìkì tútù, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín láàárín wákàtí kan.