Ínhélà búlúù nìkan kò tó

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ni lẹ́tà lórí ikọ́ fée ti gba orí tábìlì mi kan. Mẹ́rin ni mo mú dáhùn lọ́sẹ̀ yìí.

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ikọ́ fée. Ínhélà méjì ni wọ́n fún wa nílé ìwòsàn, búlúù àti búráùn. Búlúù máa ń ṣiṣẹ́ kíá, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí búráùn ń ṣe, mo bá pa á tì. Ìyá ọkọ mi tún ní kí n ṣọ́ra, pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ínhélà kò lè fi í sílẹ̀ mọ́ títí ayé. Ní báyìí tí ọyẹ́ dé, ojoojúmọ́ la ń fọn búlúù sí i lẹ́nu. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo*

Ìyá wa, èyí tí ẹ pa tì yẹn gan-an ni oògùn.

Nínú àyà ẹni tó ní ikọ́ fée, ara inú àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú, kódà lọ́jọ́ tí ọmọ ń sáré kiri àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ikọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí eruku ọyẹ́, èéfín, ìdọ̀tí aáyán tàbí ọ̀fìnkìn bá wá bá ibi tó ti wú náà, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ tí àyà ń súfèé.

Salbutamol ló wà nínú búlúù. Iṣan tó fún pọ̀ ló ń dẹ̀, ó ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, agbára rẹ̀ á sì tán lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò fọwọ́ kan wíwú yẹn rárá. Búráùn, tó sábà máa ń jẹ́ beclometasone, ló ń bá wíwú jà, ohun jẹ́jẹ́ ló sì fi ń ṣe é, lójoojúmọ́, títí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi kọjá kí ojú yín tó rí i. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò lè gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, ilẹ̀ kò ní tutù lálẹ́ ọjọ́ náà. Búlúù ni abọ́. Búráùn ni ẹni tó gun òrùlé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. GINA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọmọ tó ti pé ọdún 12 má ṣe fi salbutamol nìkan tọ́jú ara wọn mọ́. Ọmọ tiyín kò tíì pé 12, àmọ́ oògùn tó ń bá wíwú jà náà ló yẹ kó wà nídìí ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín. Ohun tí wọ́n rí ló jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní ikọ́ fée ń lo ínhélà fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ni kò lọ. Ínhélà kì í di bárakú bíi sìgá. Steroid ló wà nínú búráùn lóòótọ́, àmọ́ bíńtín ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń lọ tààrà, kò dà bí oníhóró tí wọ́n ń kó mì. Ó lè dín gíga ọmọ kù díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí náà kí dókítà máa wọn gíga rẹ̀. Kí ó máa yọ omi lẹ́nu kó sì tu ú dànù lẹ́yìn tó bá lò ó, kí ẹnu rẹ̀ má bàa hu funfun.

Ẹni tó bá ń wá búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí lóru, ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì tó. Tiyín ti di ojoojúmọ́. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ tún sọ pé ẹ ń fọn ọ́n sí i lẹ́nu. Ìyẹn bà mí lẹ́rù, torí bí a bá kàn fọn ín bẹ́ẹ̀, orí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun ni púpọ̀ nínú oògùn ń kú sí. Ọmọdé nílò spacer, ike tó máa ń wà láàárín ẹnu àti ínhélà. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, ike omi tí a mu tán tó. Àwọn dókítà ní ìlú Cape Town, South Africa, dán an wò lára àwọn ọmọ tí ikọ́ fée mú. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 1999, ike omi ìdajì lítà ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń rà. Ẹ dá ihò sí ìdí ike náà tó gba ẹnu ínhélà géérégé, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gba ibẹ̀ jáde. Ẹ gbọn ínhélà. Kí ọmọ fi ètè bo ẹnu ike, ẹ tẹ ínhélà lẹ́ẹ̀kan péré, kó mí sínú kó mí síta jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè tẹ èkejì. Bí ẹ bá fọ ike náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

*Dókítà, owó ínhélà ti ga ju ẹni lọ. Ventolin tí mò ń rà tẹ́lẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn ará ilé ní kí n máa jẹ orógbó. Ẹnìkan tún ń ta ẹ̀bu kan ní gáréèjì, ó ní oṣù kan péré ni ikọ́ fée yóò lọ pátápátá. — Awakọ̀, Abẹ́òkúta*

Òótọ́ lẹ sọ nípa owó. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ GSK, tó ń ṣe Ventolin, kéde pé àwọn ń kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni iye oògùn náà fò sókè. Inú ń bí mi sí i: oògùn tí a fi ń mí kò yẹ kó di ohun tí ẹni tó rí jẹ nìkan lè rà. Àmọ́ orúkọ ọjà ni Ventolin, salbutamol ni oògùn inú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe é tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ apòògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti rà á, kí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tí oòrùn ti pa lórí igbá. Ẹ bi dókítà yín bóyá budesonide pẹ̀lú formoterol bá yín mu. Ínhélà kan ṣoṣo ni, ó ń dẹ iṣan, ó sì ń bá wíwú jà.

Ìfọ́n 200 ló wà nínú ínhélà salbutamol tó wọ́pọ̀. Bí 200 bá pé, ó ṣì lè máa fọn, ṣùgbọ́n gáàsì lásán ni. Bí kò bá ní nọ́ńbà tó ń ka ara rẹ̀, ẹ máa fi bírò sàmì sí páálí rẹ̀.

Ẹ jẹ orógbó yín, èmi náà ń jẹ ẹ́. Kò lè gba ipò ínhélà. Ẹ̀bu gáréèjì yẹn ni kí ẹ sá fún. Wọ́n máa ń lọ dexamethasone mọ́ irú rẹ̀ nígbà mìíràn, ara á yá bí idán, títí ìfúnpá àti ṣúgà yóò fi gòkè.

*Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ fée mú ọmọ kan lórí pápá, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a da omi tútù lé e lórí. Ínhélà rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì hẹ́dímásítà, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣé kí a máa yọ irú wọn kúrò nínú eré ìdárayá? — Olùkọ́, Ìkòròdú*

Ara ọmọ ni ínhélà yẹ kó máa wà, tàbí nínú báàgì rẹ̀. Ohun tí a ń tì mọ́lé kì í gbani lórí pápá.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má sì da omi sí i. Ẹ jẹ́ kó jókòó kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ lé èrò sẹ́yìn. Ẹ fún un ní búlúù, pẹ̀lú ike bó bá wà: ìfọ́n kan, kó mí lẹ́ẹ̀mẹrin, ìfọ́n kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́rin. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí kò bá rọ̀, ẹ tún fún un ní mẹ́rin, kí ẹ sì wá ọkọ̀; ẹ máa fún un lójú ọ̀nà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ má tilẹ̀ dúró ka ìṣẹ́jú bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, bí ihà rẹ̀ bá ń wọlé bó ṣe ń mí, bó bá ń tòògbé, tàbí bí ahọ́n àti eérìgì rẹ̀ bá ń dúdú bí aró (lára aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ la ti ń wò ó). Àyà tó ń súfèé tó wá dákẹ́ lójijì nígbà tí ọmọ kò tíì lè mí dáadáa ń kéde ewu: afẹ́fẹ́ kò kọjá mọ́ ni.

Ẹ má yọ wọ́n nínú eré. Paula Radcliffe, obìnrin ará Bírítéènì tó sáré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2003 ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, ikọ́ fée ń ṣe é. Kí wọ́n na ara díẹ̀díẹ̀ kí eré tó gbóná. Bí dókítà bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lo ínhélà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú.

*Dókítà, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ikọ́ fée mú mi ní kékeré, ó sì ti lọ ó ti pẹ́. Láti bí oṣù méjì tí wọ́n ti fún mi ní oògùn glaucoma tí mò ń kán sójú, àyà mi tún ti ń súfèé lóru. Àbí ọyẹ́ ni? — Bàbá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ wo ara ìgò oògùn ojú yẹn bóyá timolol ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fà á. Ẹ̀kán tí a kán sójú ń ṣàn gba ihò omijé wọ imú, láti ibẹ̀ ó ń wọ ẹ̀jẹ̀, timolol sì máa ń mú kí ọ̀nà èémí fún pọ̀ lára ẹni tó ti ní ikọ́ fée rí, bó ti wù kó ti pẹ́ tó. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́la, kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sọ fún un pé ikọ́ fée ti ṣe yín rí. Ó ní irú mìíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀, bíi latanoprost. Ẹ má kàn sọ ọ́ nù fúnra yín kí ẹ jókòó sílé, torí glaucoma ń fọ́ni lójú. Ṣùgbọ́n bí èémí bá le lálẹ́ òní, ẹ má kán an, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ. Oògùn ara ríro tí ẹ ń rà, bíi aspirin tàbí ibuprofen, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sórí ìwé kí ẹ mú un dání lọ; àwọn náà máa ń ru ikọ́ fée sókè lára àwọn kan.