Ohun Tí Ó Tọ́ Létí, Tí Kò Tọ́ Lóko



Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà pé, "Kòkòrò ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, oògùn sì wà tí ń pa kòkòrò, kí ni kí àgbẹ̀ ṣe?" kíá ni yóò dáhùn pé, "Kí ó fi oògùn náà sí oko." Ìdáhùn yìí tọ́ létí. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí oko, kí a wò ó bí yóò dúró.

Ní ọdún 1973 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò, bí ẹni pé a wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, ni òun náà ti wá. A máa fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ewé orí rẹ̀ a sì ká jọ. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí gààrì àti fùfú jẹ́ oúnjẹ wọn.

Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn bèèrè pé: "Èéṣe tí kòkòrò yìí kò fi ṣe ọṣẹ́ tó báyìí ní ilẹ̀ rẹ̀?" Ìdí rẹ̀ ni pé ó ní ọ̀tá níbẹ̀. Ní ọdún 1981 a rí agbọ́n kékeré kan ní ilẹ̀ Paraguay, tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní ọdún náà gan-an ni a tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tàn kálẹ̀, ó sì ṣẹ́gun. Hans Herren, tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ dájú pé agbọ́n ni ó ṣe é, wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí àwọn ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ibi tí a fi oògùn sí gan-an ni kòkòrò funfun ti pọ̀ jù! Oògùn pa agbọ́n. Ìda sì bo kòkòrò funfun lára, púpọ̀ nínú wọn yè, wọ́n sì ń bí sí i láìsí ọ̀tá.

Níbo ni ìrònú wa ti ṣìnà? Òtítọ́ ni pé kòkòrò ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Òtítọ́ ni pé oògùn ń pa kòkòrò. Ohun tí a kò kà mọ́ ọn ni ó dá wa lẹ́bi. Bí a bá mú òkúta kan kúrò nínú òkìtì ní ẹsẹ̀ òkè Ọ̀kà, a lè ka iye tí ó kù. Ṣùgbọ́n ohun alààyè kì í dúró jẹ́ kí a kà á: bí a ti fọwọ́ kan ọ̀kan, òmíràn a yí padà.

Èyí kò wí pé oògùn burú nígbà gbogbo. Ó wí pé kí àgbẹ̀ bèèrè kí ó tó da oògùn: ta ni ọ̀tá kòkòrò yìí, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i?

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Kí ni ó mú kí kòkòrò pọ̀ níbi tí a fi oògùn sí?
2. Ẹ dárúkọ ẹ̀dá kan ní oko yín tí ń pa kòkòrò fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.