Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Rìn Létí Ọ̀sà Èkó, Ẹ Gbọ́ o

Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bá ti ń wọlé fún ọdún, ọ̀rọ̀ kan tó ń gbòde báyìí ni pé Lẹ́kí ti sú wọn. Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń lọ síbẹ̀, gbogbo wọn ló ti ya fọ́tò níbẹ̀. Èkó àtijọ́ ni wọ́n ń wá: Ẹ̀bùtẹ́ Ẹ̀rọ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó, Pópó Àgùdà, Mákòkó, títí dé Tàkwá Bay. Wọ́n fẹ́ rìn bí ọmọ onílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bí ní Ìkẹjà tó sì dàgbà síbẹ̀ ni kò dé ìdajì àwọn ibi wọ̀nyí rí. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń múra àtijáde, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ẹbí máa ń ṣe fún wọn ni pé: "Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ ìta o!"

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣọ́ wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ewu wà kọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọmọ ìta lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹni, ìyẹn á sì dunni wọra. Omi kì í gba fóònù nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a fẹ́ tẹ̀. Kí afárá Carter tó dé ní 1901, ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ayé fi ń wọ Erékùṣù Èkó. Omi ni ọ̀nà, omi ni ọjà, omi náà sì ni wọ́n ń sá gbà bí ogun bá dé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Dìsẹ́ńbà 1851, orí ọ̀sà ló gbà lọ, Ẹpẹ ló sì fìdí kalẹ̀ sí níkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí Ẹpẹ fi ní àdúgbò àwọn ọmọ Èkó àti àdúgbò àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú títí dòní. Ṣùgbọ́n etí omi ìgbà náà kọ́ la ní báyìí. Wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí apá kan ojú omi Marina láti fi ṣe títì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti dí odò MacGregor tó pààlà sáàárín Erékùṣù àti Ìkòyí pa. Torí náà, ẹ má fi ìtàn bàbá àgbà ṣe máàpù. Ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe wọn, mọ́tò ló ń sáré níbẹ̀ báyìí.

Ó wá kan ọkọ̀ ojú omi, òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ibùdókọ̀ tí ìjọba mọ̀ wà ní Ẹ̀bùtẹ́ Ẹ̀rọ̀, wọ́n wà ní CMS, wọ́n wà ní Falomo àti ní Ìkòròdú. Níbẹ̀, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, wọ́n á sì kọ orúkọ yín sínú ìwé. Ẹ má sọ pé kí wọ́n máa yára, ẹ má sì pe ara yín ní Sunday Akara nínú ìwé yẹn torí àwàdà. Ìwé yẹn ni wọ́n máa fi wá ènìyàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń pè yín láti abẹ́ afárá pé ọkọ̀ òun ò ní dúró gba èrò, pé owó tòun kéré, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní in, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ ń wọ̀? Ẹ fọwọ́ fún un kí ẹ tó kó o sọ́rùn. Bí omi bá ń ro lára rẹ̀, tàbí tí fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti rún, tó ti pẹlẹbẹ bí ìrọ̀rí ẹ̀wọ̀n, aṣọ lásán lẹ wọ̀ yẹn. Ẹ wo ìdè rẹ̀ náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi okùn ṣaṣa so nígbà tí ìdè já, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì rò pé òun ti dáàbò bo ara òun. Gbogbo ìdè ni kí ẹ dè, kí ó le mọ́ yín láyà, ooru tàbí ooru kọ́. Bí ẹ bá mú ọmọdé dání, ẹ béèrè ti ọmọdé. Ti àgbàlagbà á bọ́ gba orí ọmọ bí ó bá já sómi. Bí wọn ò bá ní ti ọmọdé, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Àwọn èrò á kùn, wọ́n á ní ẹ̀ ń ṣe òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá wà níbẹ̀ tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí gbọ́n omi dànù, tí ọkọ̀ ò sì tíì gbéra, kí lẹ tún ń dúró wò? Bí ìjókòó bá ti kún tí wọ́n ṣì ń ní kí ẹ sún kẹ́ẹ̀rẹ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Owó tí ẹ san, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tó burú ju òmíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, ìjì máa ń ti ìlà oòrùn wá lójijì. Ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Ìkòròdú, atẹ́gùn tútù á fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tó pẹ́, ọ̀sà tó dùn ún wò láàárọ̀ á máa gbé ọkọ̀ sókè sódò. Òjò yìí kan náà ló ń gbá koríko ojú omi wá láti inú odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun, èyí tó wọ ọ̀sà Èkó láàárín ọdún 1980 sí 1989 tí kò sì kúrò mọ́. Ó máa ń tẹ́ lọ bíi pápá bọ́ọ̀lù, ó sì lẹ́wà nínú fọ́tò. Atukọ̀ kì í rí i bẹ́ẹ̀. Koríko yẹn á wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á kú láàárín agbami, igi ńlá tó bá sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ lè lu ọkọ̀ fáìbà. Ní ọ̀sán, atukọ̀ á rí i, á yà fún un. Ní òru ńkọ́?

Ìyẹn ló mú kí àwọn aláṣẹ ka ìrìn òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò. Ní oṣù Keje 2022, ọkọ̀ kan gbéra ní Mazamaza lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ó ń lọ sí Ìbéṣe. Ó dojú dé, omi sì gbé èrò lọ. Kì í ṣe àlejò ni wọ́n. Èyí ni mo fi ń dá ẹni tó bá sọ fún mi pé "ṣebí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lálẹ́" lóhùn.

Bí a bá wá gúnlẹ̀ sí Ẹ̀bùtẹ́ Ẹ̀rọ̀, tí a ń wọ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, ẹnu ni ọkọ̀ wa. Ẹ ó rí àwọn bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé agboolé, dírááfù wà níwájú wọn. Ẹ má kọjá wọn bíi pé wọ́n jẹ́ òpó iná. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa." Ó tó. Ọ̀kan nínú wọn á bi yín pé ọmọ ta ni yín, níbo lẹ sì ń lọ. Ẹ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kì í ṣe ìtọpinpin. Ẹni tí bàbá bá ti dá lóhùn lójú gbogbo ọmọ àdúgbò ti ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ gba "owó àdúgbò" lọ́wọ́ rẹ̀ ní igun kejì, ó lè sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá lòun ti ń bọ̀. Àwọn ọmọ ìta tí ẹ ń bẹ̀rù, àwọn bàbá yìí ló bí wọn. Bí wọ́n bá ṣì ní kí ẹ fún àwọn ní nǹkan, ẹ ní owó kéékèèké lápò ọ̀tọ̀, ẹ fi ẹ̀rín fún wọn. Ẹ má fa ìjà torí owó omi, ẹ má sì yọ ìdì owó jáde láti wá ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Pópó Àgùdà ni ojú máa ń tàn jù. Àwọn tó padà láti oko ẹrú Bràsíì àti Kúbà ló kọ́ àwọn ilé ibẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé alárà àti òdòdó sìmẹ́ńtì lókè ilẹ̀kùn. Ẹ lè wo Ilé Omi ní Kakawa, ẹ lè wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé Ìlọ́jọ̀, tó wà ní Tinúbú, ẹ ò ní bá a. Wọ́n wó o ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ohun ìní orílẹ̀-èdè ni, ẹni tí kò bá bínú sí ìyẹn kò nífẹ̀ẹ́ Èkó. Àmọ́ ìfẹ́ ilé àtijọ́ ò ní kí ẹ gun òkè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí, irin wọn ti jẹrà, iyọ̀ òkun ti jẹ wọ́n wọnú. Ilé tó wó ní Ìta Fájì ní oṣù Kẹta 2019, àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí, tàbí tí ògiri rẹ̀ ti là láti òkè délẹ̀, ẹ wò ó láti òdì kejì títì. Ẹni tó bá ní òun á mú yín gun báńkónì rẹ̀ fún fọ́tò, owó yín ló ń wò, kò wo ilé.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọjọ́ ọdún Ẹ̀yọ̀ ni. Kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ ẹni ńlá kan sí ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá bọ́ sí, bàtà, sìgá, ọ̀kadà àti irun ṣùkù lórí obìnrin ò gbọdọ̀ hàn lójú ọ̀nà wọn. Ọ̀pámbàtà tó wà lọ́wọ́ Ẹ̀yọ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan.

Mákòkó wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń gba orí afárá Third Mainland kọjá ti rí i: èéfín ẹja, ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú omi, ọkọ̀ kéékèèké tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ ẹja sì ni wọ́n ń ṣe. Ẹ má dá wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ báálẹ̀ àdúgbò, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí wọ́n fi ẹnì kan lé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fẹnu kò sí owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn, ìjókòó ni, kò sí ìdìde. Ẹ má ju súìtì tàbí owó sí àwọn ọmọdé tó ń tukọ̀ kọjá. Bí mẹ́ta bá nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ wọn á yí, ọkọ̀ tiyín náà lè yí.

Kámẹ́rà ni wàhálà tó pọ̀ jù ní Mákòkó. Obìnrin kan á tẹ̀ síwájú ààrò ẹja, omijé èéfín lójú rẹ̀, yẹ̀rì nìkan ló ró, kí ó tó gbójú sókè, àlejò ti ya fọ́tò rẹ̀ mẹ́fà. Á fa ìborùn bojú, á sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Ẹ̀gùn, atukọ̀ yín á sì dákẹ́, kò ní túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ lè dúró sẹ́nu ilé ìdáná ẹlòmíì ní Ìkòyí kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ìjọba wó ilé lágbègbè yìí ní oṣù Keje 2012. Ẹni tí wọ́n bá ti wó ilé rẹ̀ rí kì í fi ojú rere wo ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Ẹ kí i, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Bó bá kọ̀, ó ti parí. Drone ni kí ẹ má tilẹ̀ mú wá láìgbàṣẹ ìjọba, ẹ má sì dojú kámẹ́rà kọ ibùdó ọmọ ogun ojú omi níbikíbi lẹ́bàá ọ̀sà. Sọ́jà kì í bá ènìyàn ṣàlàyé lórí ìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ mú yín lọ wo ilé ìwé tó léfòó, èyí tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, ẹ gba owó yín padà. Ó ti wó láti oṣù Kẹfà 2016.

Tàkwá Bay ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, omi inú rẹ̀ sì rọ̀ torí ògiri òkúta tí wọ́n kó sójú òkun dá ìgbì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òkun gidi lẹ bá pàdé, òkun tó gbá àwọn àgọ́ lọ ní Kúrámọ̀ ní oṣù Kẹjọ 2012. Bí omi bá fà yín kúrò létí ilẹ̀, ẹ má bá a jà lójúkojú. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa bá etíkun rìn títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀, ẹ gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Ẹni tó ti mu ọtí, kí ó jókòó sórí yanrìn.

Kí ẹ tó jáde, ẹ sọ ibùdókọ̀ tí ẹ fẹ́ gbà lọ àti èyí tí ẹ fẹ́ gbà bọ̀ fún ẹnì kan nílé, ẹ tọ́jú 112 àti 767 sínú fóònù, kí ẹ sì fi fóònù náà sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti máa béèrè ọkọ̀ ìkẹyìn. Bó bá ti lọ, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ẹnì kan á wá bá yín ní Ẹ̀bùtẹ́ Ẹ̀rọ̀ pé òun lè sáré gbé yín dé Ìkòròdú kíákíá. Ẹ ní rárá. Ẹ rìn dé Ìdúmọ̀tà, ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ẹ wọ dáńfó. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ wà ní Kétu, ó wà ní Mile 12, ẹ ó sì pẹ́ délé gan-an.