Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì

Bí a bá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ àwọn ẹ̀rọ àjèjì, a ó rí i pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi sọ ọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. Amóhùnmáwòrán ni tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀ pẹ̀lú. Wáyà orí òpó ni tẹlifóònù ń gbà. Inú afẹ́fẹ́ ni ti WNTV, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. (Ìdàpọ̀ díẹ̀ ti wà rí o: nígbà tí rédíò dé Èkó ní 1935, orí wáyà ni wọ́n fi ń gbé e wọ ilé, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù ni ó sì ń ṣe é.)

Kí ni ó wá pa wọ́n pọ̀? Nọ́ńbà ni. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ sínú tẹlifóònù, ẹ̀rọ lè wọn ohùn rẹ̀ ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní 0 àti 1. Bákan náà ni ó ń ṣe àwọ̀ tó wà nínú àwòrán, àti lẹ́tà inú ìwé. Lẹ́yìn èyí ni a ó gé nọ́ńbà náà sí ẹrù kéékèèké, tí a ó kọ ibi tí ń lọ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo mọ́tò akẹ́rù tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin: iṣu ni o, gàrí ni o, awakọ̀ kò bìkítà, àmì olówó ẹrù ni ó ń wò. Àfiwé yìí kò pé ṣá, nítorí pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹrù olówó kan náà lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tò ó pọ̀ níbi tí ó ń lọ.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Landmark University ní Òmù-Àrán lè fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo pe ìyá rẹ̀, kí ó wo ìròyìn, kí ó sì kà nípa àwọn ère òkúta tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí Ẹlẹ́wẹ̀ bá jáde, ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Amẹ́ríkà lè máa wò ó, kí ó sì máa kígbe kí i láti ọ̀hún. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ra dátà kò ní bá wọn dé ibẹ̀; rédíò inú afẹ́fẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ olùgbọ́. Ohun tó sì ń gba ọ̀nà kan máa ń dúró pọ̀ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin tí a rì sí ìsàlẹ̀ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì dàrú káàkiri Nàìjíríà. Baba àgbà tó ń fi rédíò oníbátìrì gbọ́ Rédíò Kwara lábẹ́ igi ní Ẹ̀sìẹ́ kò nídìí láti mọ̀ pé okùn kankan já.