Bí A Ti Ń Pèsè Ègé Ẹran Ara fún Àyẹ̀wò

Nígbà tí dókítà bá gé ègé kékeré nínú kókó tí ó yọ sí aláìsàn lára, ó fẹ́ kí àwọn onímọ̀ fi maikirosikóòpù wò ó, èyíinì ni awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a bá ti gé ẹran kúrò lára ni ó ti ń bàjẹ́. Bí a kò bá pèsè rẹ̀ bí ó ti yẹ, awò kò ní lè sọ òtítọ́.

Fún awò tí ń lo ìmọ́lẹ̀, inú omi fọ́málìn ni a ń kọ́kọ́ rì í sí, kí ó má bàa jẹrà. Omi náà níláti tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Lẹ́yìn èyí, a ó fi sípírítì fa omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó fi oògùn mìíràn ṣan sípírítì kúrò, a ó sì fi ìda gbígbóná dì í. Nígbà tí ìda bá le, ẹ̀rọ ọlọ́bẹ yóò gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí 200 rẹ̀ tí a tò léra kì í nípọn ju mìlímítà 1 lọ. Nítorí pé kò ní àwọ̀, a ó rẹ ẹ́ ní aró.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn. Awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kò gba ìda. Oje tí ń le bí ike ni a fi ń di ẹran tirẹ̀. Ègé náà sì níláti fẹ́lẹ́ ju ti ìṣáájú lọ ní ìlọ́po 50, ó kéré tán. Dípò aró, oògùn tí ó ní òjé nínú ni a ń lò.

Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Anthony Epstein ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba ègé rẹ̀ láti Uganda, ó ń fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó, kò rí nǹkan kan. Ní Dìsẹ́ńbà 1963, kùrukùru mú kí bàálù tí ó gbé òmíràn wá pẹ́. Omi inú ìgò náà ti dàrú, ó jọ pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Epstein fi awò ìmọ́lẹ̀ wo ẹ̀kán rẹ̀ kan, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó wà láàyè ni ó dà á rú. Òun àti Yvonne Barr tọ́ wọn dàgbà. Ní 1964, awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi fáírọ́ọ̀sì hàn nínú wọn. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ó ń jẹ́ títí di òní. Ká ní fọ́málìn ni a rì ègé yẹn sí, kò sí sẹ́ẹ̀lì tí ìbá yè láti tọ́.

Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn bá fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ rán ìbátan aláìsàn sí ilé àyẹ̀wò, kí ó má ṣe da omi inú rẹ̀ nù, kí ó má ṣe bu omi kún un, kí ó má sì ṣí i, nítorí májèlé ni fọ́málìn. Kí ó gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ti mọ awò tí ó ń pèsè rẹ̀ fún.