ÌJÀ ÌṢẸ́JÚ DÍẸ̀, ẸJỌ́ ỌDÚN MẸ́WÀÁ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Númérì 35:9–34, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 25:6–12

Ète ẹ̀kọ́: Kí á lè mọ ohun tí òfin ń wò nígbà tí ìjà bá di ikú; kí á mọ ohun tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn jẹ́; kí á sì mọ iṣẹ́ tí ó já lé wa léjìká ṣáájú ìjà àti lẹ́yìn ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń fẹ́ gbọ́ nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ ìjà tí ó di ikú ni. Láti Ìfàkì dé Ìdó, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, a mọ ìjà ààlà oko, a mọ ìjà orogún, a mọ ìjà nítorí ẹran tí ó wọ oko ẹ̀gẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn àgbà máa ń parí nínú ilé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ní ń yọ ọfà lápó. Bí ọfà bá ti jáde, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà.

1. Ẹjọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Òkè Ọya ni ẹjọ́ náà ti wá, ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, ṣùgbọ́n ohun tí ó dá a sílẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa ènìyàn méjì ní Òkè-Àkò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, nínú ìkọlù tí wọ́n fura sí àwọn darandaran pé àwọn ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣe òfin tí ó sọ ibi tí màlúù lè ti jẹko, tí ó sì fi àkókò sí i láti aago méje òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran kì í ṣe ìtàn òkèèrè létí wa.

Sunday Jackson ni orúkọ àgbẹ̀ tí a ń sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, òun àti darandaran kan pàdé nínú igbó, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Jackson ti wí, darandaran náà ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kọ lù ú, tí ó sì ṣe é léṣe. Wọ́n jọ wọ̀yá ìjà. Jackson já ọ̀bẹ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gún un lọ́rùn. Ọkùnrin náà kú.

Wọ́n mú Jackson, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Adamawa dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì dá ikú fún un. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ìdájọ́ náà kò yí padà. Ó tún gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2025, adájọ́ márùn-ún sọ ti ẹnu wọn. Mẹ́rin fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú. Ẹnìkan ṣoṣo, Adájọ́ Helen Ogunwumiju, ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò tún sí ilé-ẹjọ́ mìíràn lókè ibẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025 ni Gómìnà Ahmadu Fintiri fi àánú dárí jì í.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìjà ọ̀bẹ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìjà sí ọjọ́ ìdáríjì, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìyá kan sin ọmọ rẹ̀. Ìdílé kejì ń ka ọjọ́ lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ so kọ́. A kò mú ẹjọ́ yìí wá kí á lè gbè sẹ́yìn àgbẹ̀ tàbí kí á bú darandaran. Ẹni tí ó kú, ọmọ ènìyàn ni.

2. Ohun tí òfin ń wò

Òfin Òkè Ọya àti ti ìhà tiwa kò lo gbólóhùn kan náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn sún mọ́ra. Nígbà tí ènìyàn bá kú nínú ìjà, ilé-ẹjọ́ kì í kàn béèrè pé, “Ta ni ó pa á?” Ó tún ń béèrè pé, “Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ni ó sì wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe é?” Ọ̀nà mẹ́ta ni kí á fi sọ́kàn.

(a) Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn láìní àwíjàre. Ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

(b) Ẹni tí wọ́n mú bínú lójijì, tí ó sì ṣe é kí ara rẹ̀ tó tutù. Ní ìhà tiwa, òfin lè dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù kúrò ní èyí tí a fi ń dá ikú, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè gùn títí dé ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ kíyè sí “kí ara tó tutù” yẹn. Bí wọ́n bá bú ènìyàn lọ́jà, tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí ilé lọ mú àdá, tí ó sì tún padà wá, adájọ́ yóò béèrè pé kí ni ó ń rò lójú ọ̀nà.

(d) Ẹni tí ó ń gba ara rẹ̀ là. Bí ẹnìkan bá kọ lù wá lọ́nà tí ẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá fi bà wá, tí ẹ̀rù náà sì bọ́gbọ́n mu, òfin gbà kí á gbèjà ara wa, kódà bí ikú bá ti ibẹ̀ wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò lọ lómìnira.

Ọ̀nà kẹta yìí ni Jackson dúró lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn ni ìgbà tí ọ̀bẹ ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó dá a lẹ́bi wí pé nígbà tí ó ti gba ọ̀bẹ, ewu ti kọjá, ó yẹ kí ó sá lọ. Lójú Adájọ́ Ogunwumiju, ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ fi hàn pé ọkùnrin náà ń gba ara rẹ̀ là ni. Ẹ rí i pé ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá rọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú kan péré: ewu ṣì wà ni, àbí ewu ti kọjá?

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Nínú Númérì 35, Ọlọ́run ní kí wọ́n ya ìlú ààbò mẹ́fà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó pànìyàn láìní ìkórìíra nínú lè sá lọ síbẹ̀ títí ìjọ ènìyàn yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ba de ọmọnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú ìkórìíra kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ kan náà ni a ti kà á pé ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo kò tó láti fi pa ènìyàn.

3. Kí ni kòtẹ́milọ́rùn?

Orúkọ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: ìdájọ́ tí a dá, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Pọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n fẹ́ gbé ẹjọ́ òun lọ sí ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ pa òun, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Késárì. Kò pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó ga ju òfin lọ. Ó ní kí a fi òfin wọn òun.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dá ikú fún ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ títí dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Àádọ́rùn-ún (90) ọjọ́ ni ó ní láti fi lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Tiwa ní Èkìtì wà ní Adó. Láti ibẹ̀ lọ sí Àbújá, ọgbọ̀n (30) ọjọ́ ni. Ẹ má ṣe rò pé wọn yóò tún pe gbogbo ẹlẹ́rìí padà. Àwọn adájọ́ òkè máa ń ka ohun tí a kọ sílẹ̀ ní kóòtù àkọ́kọ́ ni, wọ́n á sì wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ohun tí a kò sọ nísàlẹ̀, ó ṣòro láti sọ lókè.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi hàn wá bí ẹ̀tọ́ yìí ti ṣe iyebíye tó. Ní ọdún 1935, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin alágbàṣe oko kan, Reginald Woolmington. Ìyàwó rẹ̀ ti kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ lọ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ìbọn dún, ìyàwó kú. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Adájọ́ sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé òun ni kí ó fi hàn pé kì í ṣe ìpànìyàn. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ yí i padà: ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn ni kí ó fi ìdí ẹ̀sùn múlẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ìlànà yìí kan náà wà nínú ìwé òfin tiwa: aláìlẹ́ṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn.

Àpẹẹrẹ kejì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Ẹ̀sùn olè adìhámọ́ra ni wọ́n fi kan Nasiru Bello, wọ́n sì dá ikú fún un. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọdún 1981, nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, wọ́n pa á. Ní ọdún 1986, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwà àìtọ́ ni ìjọba hù, ó sì ní kí wọ́n san owó fún àwọn tí ó fi sílẹ̀ sáyé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ẹ̀mí padà?

4. Bí ó bá kan ilé wa

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í pọ̀ jù.

Kí á gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìjà tí kò di ikú, ó ṣì ní ìparí. Kí dókítà kọ ọgbẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì sílẹ̀, nítorí ọgbẹ́ máa ń jinná, ìwé a sì máa wà.

Kí á má ṣe gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pamọ́. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé òfin fún un láyè láti pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Nínú ẹjọ́ Jackson, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá ni wọ́n gbára lé jù.

Bí owó kò bá sí, Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ máa ń gba ẹjọ́ ìpànìyàn rò fún aláìní. Kí á béèrè wọn ní Adó.

Ẹni tí ìjà ṣojú rẹ̀, kí ó lọ sọ ohun tí ó rí, ìbáà ṣe ti ará ilé rẹ̀, ìbáà ṣe ti àlejò. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀.

Bí gbogbo ilé-ẹjọ́ bá parí, ìwé òfin fún gómìnà ní agbára àánú. Ìdílé àti ìlú lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀.

5. Iṣẹ́ wa

Àwa obìnrin ni a máa ń gbọ́ ìjà kí ó tó di ariwo. A gbọ́ ọ lójú omi, a gbọ́ ọ lọ́jà, a gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí ó ti oko dé. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì, a ń kún un ní iná. Bí a bá wí fún ọmọ wa pé, “Ìwọ náà kì í ṣe ọkùnrin?”, a ti fi àdá lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á tètè pe àgbà sí ọ̀rọ̀ ààlà àti ọ̀rọ̀ ẹran, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn ìdájọ́ ńkọ́? Ìyá méjì ni yóò máa sunkún. Gbogbo ìlú a máa bẹ ìyá òkú wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n máa ń yà fún lọ́nà. Kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀. Kí kíláàsì wa yan ẹni méjì méjì tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá méjèèjì, kí á sì máa bá àwọn tí ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò lọ.

Ọ̀rọ̀ láti há sórí: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbínú òjijì àti gbígba ara ẹni là?
2. Bí ìwọ bá wà láàárín adájọ́ márùn-ún náà, apá wo ni ìwọ ìbá wà? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Ìjà wo ni ó ń rú èéfín ní àdúgbò wa báyìí? Ta ni yóò lọ bá wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?