Bí Àrùn Inú Èémí Ṣe Ń Tàn Láàárín Ìdílé: Ẹ̀kọ́ Láti Èkó, Ọdún 1918 àti 2020

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí wa tí Ó dá sí, ó yẹ kí a rántí àwọn tí kò ṣẹ́kù láti bá wa yọ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tí àrùn mú lọ láti inú ilé ara wọn, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ràn wọn jù lọ ni ó gbé e wọlé láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí. A kò kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tàbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A kọ ọ́ kí ìmọ̀ má baà tún pẹ́ kí ó tó dé ilé wa.

Ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bida ti Accra wá gúnlẹ̀ sí Èkó. Àwọn tí infulẹ́ńsà ń bá jà wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́, àrùn náà ti wọ ìgboro. Àwọn kan pè é ní lúkúlúkú, orúkọ àrùn tí ń run adìẹ, nítorí bí ó ti ń gbá ènìyàn lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìjọba ti ilé-ìwé àti ilé ìsìn pa, wọ́n sì rán àwọn wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé láti wá àwọn aláìsàn rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú. Àwọn kan gbé aláìsàn wọn pamọ́, kí a má baà gbé e lọ sí ibi tí wọn kò ti ní rí i mọ́. Àwọn mìíràn sá kúrò ní Èkó, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè, ibi tí reluwé sì dé ni àrùn náà dé. Àwọn òpìtàn ṣírò pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Nínú ìpọ́njú yìí ni àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, ẹgbẹ́ wọn sì di ọ̀kan nínú orísun àwọn ìjọ Aládùúrà.

Kò sí dókítà kan ní ayé nígbà náà tí ó mọ ohun tí ń fa àrùn yìí gan-an. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa infulẹ́ńsà lára ènìyàn, èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Àwọn bàbá wa ń bá ọ̀tá tí wọn kò mọ̀ jà. Àwa kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí ó ṣe ń ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn

Fáírọ́ọ̀sì kò lè rìn, kò sì lè fò fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń gbé e. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà.

Èkínní ni ẹ̀kán itọ́ tí ń ta jáde nígbà tí a bá wúkọ́ tàbí sín. Àwọn ẹ̀kán yìí wúwo, wọn kì í lọ jìnnà kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá súnmọ́ni ni wọ́n ń bà lójú, ní imú àti ní ẹnu.

Èkejì ni àwọn ẹ̀kán tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Wọ́n ń bá èémí jáde nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, tí a bá ń kọrin, àní nígbà tí a bá ń mí lásán. Nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé, wọ́n ń léfòó bí èéfín. Ẹ̀yin ìyá mọ bí èéyi ṣe ń ran àwọn ọmọdé: fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọmọ tí ó ní in ti jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. A fi ọwọ́ nu imú, a fi ọwọ́ náà di kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn mú, ẹlòmíràn sì di í mú, ó sì fi ọwọ́ ra ojú. Ọ̀nà yìí kò lágbára tó ti afẹ́fẹ́ nínú àrùn Kòrónà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fojú di í.

Ìdí tí ilé fi léwu ju ọjà lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, níbi tí èrò ti ń fara gbún ara, ni ewu pọ̀ sí jù. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni a ti lè kó àrùn wálé. Ṣùgbọ́n ní gbangba ìta, atẹ́gùn ń fẹ́, a kì í sì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkan. Nínú ilé, wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni a fi ń mí èémí kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Yàrá kan ni, ènìyàn mẹ́fà ni ó ń sùn níbẹ̀, ìyá àgbà sì wà nínú wọn. Fèrèsé wà, ṣùgbọ́n wọ́n tì í nítorí ẹ̀fọn àti nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin wọn kó infulẹ́ńsà ní ibi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ le koko. Ó jẹun pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì bá ìyá àgbà ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́rú, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà sì dé. Gbogbo ilé pagbo yí i ká, wọ́n ń fi omi tútù nu ara rẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Ní ọjọ́ Ẹtì, àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá àgbà kò lè dìde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Infulẹ́ńsà máa ń fara sin fún ọjọ́ kan sí mẹ́rin. Ẹni tí ó ní in sì lè ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àrùn Kòrónà lè fara sin fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá, òun náà sì ń ràn kí àmì tó yọ. Nítorí náà, a kò lè dúró de ikọ́ kí a tó ṣí fèrèsé.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé nínú ẹni mẹ́fà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣàìsàn. Bí ẹnìkan bá kó o wọlé, kò di dandan kí gbogbo ilé kó o. Ìdí nìyí tí ìsapá wa kò fi lè já sí asán.

Ohun tí ọdún 2020 kọ́ wa

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn ní Èkó pé arìnrìn-àjò kan láti Ítálì ní àrùn Kòrónà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá ni a ti tọ́jú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ó dín ìpàdé ìgboro kù. Ṣùgbọ́n fún ẹni mẹ́fà tí ń gbé yàrá kan, ìsémọ́lé nìkan kò lè gba ẹni tí ó ń bá aláìsàn sùn lórí ẹní kan náà.

Àwa pẹ̀lú jẹ́wọ́. Nígbà tí ẹni tiwa ń wúkọ́, a ní ibà lásán ni. Ojú ń tì wá kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́. A ti fèrèsé, a péjọ sí yàrá rẹ̀, a gbóhùn sókè nínú orin. Ìgbà tí ẹni kẹta dùbúlẹ̀ ni a tó ké sí dókítà. Ohun tí ó mú àwọn ará Èkó gbé aláìsàn pamọ́ ní 1918 ni ó mú àwa náà dákẹ́: ẹ̀rù àti ìtìjú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn tí ó dojú kọ ọ́, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Ẹ fi àwọ̀n dí fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé.

Bí yàrá bá ju ọ̀kan lọ, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún aláìsàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí aláìsàn sùn lẹ́bàá fèrèsé, kí àwọn yòókù jìnnà sí i bí ààyè bá ti gbà wọ́n, kí ẹ̀gbẹ́ tí ó gbé orí sí má ṣe jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn gbé orí sí. Kí àwọn àgbàlagbà lọ sun yàrá ẹlòmíràn bí ó bá ṣeé ṣe.

Kí ẹnìkan ṣoṣo tí ara rẹ̀ le máa tọ́jú aláìsàn. Kí òun àti aláìsàn lo ìbòmú, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí aláìsàn ní ife àti abọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ṣe sáré ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì láìsí àṣẹ dókítà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bí aláìsàn kò bá lè mí dáadáa, bí àyà bá ń dùn ún, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ àti fún àgbà.

Àwọn kan rò pé láti yà sọ́tọ̀ kò bá ìfẹ́ Kristẹni mu. Ṣùgbọ́n nínú Léfítíkù orí 13, àlùfáà a máa ya ẹni tí a fura sí sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje, a sì padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í pa á tì. Ìfẹ́ ni láti gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, kí a sì bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

Nítorí pé ẹ̀kọ́ kò pé láìsí iṣẹ́ àmúrelé, a fún gbogbo òbí àti akẹ́kọ̀ọ́-jáde ní ọ̀kan. Ní alẹ́ òní, ẹ ka iye ènìyàn tí ń sùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín. Ẹ wo fèrèsé tí kò ṣeé ṣí mọ́, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ibi tí aláìsàn yóò sùn àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, nísinsìnyí tí ara gbogbo yín ṣì le. Kí Olúwa pa ilé wa mọ́, kí Ó sì jẹ́ kí a tún pàdé ní pípé ní àyájọ́ tí ń bọ̀.